Èdè Kékeré fún Iṣẹ́ Kan Ṣoṣo

Ẹ̀yin aládùúgbò mi ní Awo, ẹ mọ Yunifásítì Redeemer's tó wà ní Ẹdẹ. Inú ọgbà yẹn ni ibùdó ìwádìí àrùn tí a mọ̀ sí ACEGID ní 2020 wà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi ló ń darí rẹ̀ nígbà náà. Ní oṣù kẹta ọdún 2020, ibẹ̀ ni wọ́n ti ka àbùdá kòkòrò kòrónà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ìgbà àkọ́kọ́ tí irú rẹ̀ wáyé ní ilẹ̀ Áfíríkà. Àbùdá náà gùn tó létà bí 30,000. Ojú èèyàn lásán kò lè tú u. Kọ̀ǹpútà ló ń tú u, èdè sì ni a fi ń rán kọ̀ǹpútà níṣẹ́.

Àwọn èdè kan wà tó lè ṣe gbogbo iṣẹ́, bíi Python. Àwọn mìíràn kéré, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n dá wọn sílẹ̀ fún. Ohun tó ń mú irú èdè kékeré yìí dára ni pé ó mọ àwọn nǹkan tí iṣẹ́ náà ń lò. Tí telọ́ bá ń wọn èèyàn, nọ́ńbà lásán ló ń pè, ọmọṣẹ́ rẹ̀ á sì mọ èyí tó jẹ́ èjìká àti èyí tó jẹ́ àyà.

Ẹ wo èdè kékeré tó ń jẹ́ WDL, tó ti Broad Institute ní Amẹ́ríkà wá, àwọn tí ACEGID ti bá ṣiṣẹ́ pọ̀. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò pọ̀: iṣẹ́ wo ni, kí ló ń wọlé, kí ló ń jáde. Tí o bá ní fáìlì ni yóò wọlé, tí o wá fún un ní nọ́ńbà, àyẹ̀wò á ti gbé àṣìṣe náà jáde kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Àánú ńlá nìyẹn fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí.

SQL, èdè tí a fi ń wá nǹkan nínú àkójọ ìsọfúnni, tí Donald Chamberlin àti Raymond Boyce gbé jáde ní IBM lọ́dún 1974, dára ó sì burú. Kọ SELECT oruko FROM akekoo WHERE ilu = 'Awo', orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wá láti Awo á jáde. Ṣùgbọ́n kọ DELETE FROM akekoo, kí o gbàgbé WHERE, gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ inú ìwé ti pa rẹ́, kò sì ní bi ọ́ léèrè. Kò yẹ kí ìgbàgbé kékeré di àṣẹ tó wúwo jù lọ.

Èyí tó burú jù ni èdè tó ń méfò. Àwọn onímọ̀ àbùdá a máa kó iṣẹ́ wọn sínú Excel, tí a ṣe fún ìṣirò owó. Wọ́n á kọ SEPT2, orúkọ tí jíìnì kan ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, Excel á sọ ọ́ di ọjọ́ kejì oṣù kẹsàn-án láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Lọ́dún 2016, àwọn olùwádìí ní Ọsirélíà yẹ àwọn àpilẹ̀kọ tó ní àkójọ jíìnì nínú Excel wò, wọ́n rí àṣìṣe yìí nínú nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún wọn. Ní 2020, àwọn tó ń sọ jíìnì èèyàn lórúkọ ní láti yí orúkọ padà: SEPT2 di SEPTIN2, MARCH1 di MARCHF1. Ọdún 2023 ni Microsoft tó fi ibi tí a ti lè pa ìméfò náà síbẹ̀.

Nítorí náà, tí ọmọ yín tó wà ní Pólì Ẹdẹ bá fẹ́ dá èdè sílẹ̀ fún àwọn olùsìn adìẹ tàbí àwọn oníkòkó, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ní kó kọ́kọ́ lọ jókòó tì wọ́n, kó gbọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò, kó sì bi wọ́n ní àṣìṣe tó ń ná wọn lówó jù.