Ṣé Ó Yé Yín?

Bí ẹ bá gba ẹ̀gbẹ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kọjá ní àárọ̀, ẹ kò ní ṣàì gbọ́ ìbéèrè kan lẹ́nu tíṣà: "Ṣé ó yé yín?" Kí ó tó pa ẹnu dé, kíláàsì á ti hó yèè: "Ó yé wa, sà!" Tíṣà á nu pátákó, á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mìíràn. Ṣùgbọ́n ta ni ó dáhùn nínú wọn? Nínú ọmọ 60, ohùn mẹ́wàá tó láti mi òrùlé. Àwọn yòókù lè máa ya ẹnu lásán. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tí a kọ́ dáadáa nílé kì í fẹ́ sọ fún àgbà pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò yé òun. Lójú tirẹ̀, àfojúdi ni. "Ó yé wa" yẹn, ìkíni ni, kì í ṣe ìdáhùn.

Ọ̀rọ̀ yìí kò kéré. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 1955, àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lé ní 800,000 lọ́dún náà, kíláàsì sì kún fọ́fọ́. Títí di òní, ọ̀pọ̀ tíṣà ṣì ń kọ́ èrò bí èrò ọjà. Ọmọ tí ẹ̀kọ́ kò yé lọ́jọ́ Ajé, tí ẹnikẹ́ni kò sì mọ̀, òun náà ni a óò gbé òmíràn lé lórí ní Ọjọ́rú. Kí ọdún tó parí, òun fúnra rẹ̀ á ti gbà pé olódo ni òun.

Ọ̀nà tí mo fẹ́ràn jù ni síléètì. Bí kò bá sí, àjákù ìwé ṣe é lò. Tíṣà á ní, "Ẹ kọ ọgọ́rùn-ún lé mẹ́ta." Olúkúlùkù á kọ ọ́, á dojú rẹ̀ délẹ̀ kí ẹnìkejì má baà jí i wò. Tíṣà á ka ení, èjì, ẹ̀ta, gbogbo síléètì á gòkè lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹlòmíràn kọ 103, ẹlòmíràn kọ 1003, ẹlòmíràn sì kọ 13. Ẹ má fi ẹni tó kọ 1003 rẹ́rìn-ín o! Ohun tó gbọ́ ni ó kọ: ó kọ 100, ó sì fi 3 lé e, gẹ́gẹ́ bí ẹnu wa ti wí. Kò tíì yé e pé àyè tí òǹkà bá dúró sí ni ó ń sọ iye rẹ̀. Ẹni tó kọ 13 ní tirẹ̀ fo òdo dá, kò mọ iṣẹ́ tó ń ṣe láàárín. Àìsàn méjì nìyí, oògùn wọn kò sì jọra. Bí ó bá ṣe pé ọmọ kan tó nawọ́ sókè ni tíṣà pè, 103 nìkan ni ìbá gbọ́.

Bí ìdajì kíláàsì bá ṣì í, kí tíṣà gba ọ̀nà mìíràn tún un kọ́. Bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún, kí ó pè wọ́n sí apá kan nígbà tí àwọn yòókù ń ṣe iṣẹ́ wọn lọ.

Ìbéèrè ẹnu náà dára, bí a bá ní sùúrù. Mary Budd Rowe, olùwádìí ọmọ Amẹ́ríkà, kọ ọ́ ní ọdún 1974 pé ọ̀pọ̀ tíṣà kì í dúró ju bí ìṣẹ́jú àáyá kan lọ kí wọ́n tó pe ẹlòmíràn. Nígbà tí wọ́n dúró tó mẹ́ta, ìdáhùn àwọn ọmọ gùn sí i.

Ṣùgbọ́n asán ni gbogbo èyí bí pàṣán bá ń tẹ̀lé síléètì. Ọmọ tí a nà lónìí nítorí 1003 kò ní kọ 1003 mọ́ lọ́la. Á dúró kí ẹni tó jókòó tì í kọ tirẹ̀, á sì wò ó kọ. Tíṣà á rí 103 káàkiri, inú rẹ̀ á dùn, kò sì ní mọ ohunkóhun.

Ẹ̀yin òbí, ẹ ní kí ọmọ kọ́ yín ní ohun tí wọ́n kọ́ ọ, ìbáà ṣe nídìí ata lílọ̀. Ibi tó bá ti ń wo òkè àjà, ibẹ̀ ni kò tíì yé e. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé ńkọ́? Bí tíṣà bá tún bi yín lọ́la, ẹ nawọ́ sókè, kí ẹ ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ó yé mi títí dé ibi tí ẹ ti mú òdo wọlé."