Aberdeen: Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé gbọ́dọ̀ tètè ṣe

Etí Òkun Àríwá ni ìlú Aberdeen wà ní Scotland. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ti Nàìjíríà débẹ̀ ní oṣù Kìíní yóò rí i pé aago mẹ́jọ àárọ̀ lè lù kí oòrùn má tíì yọ, kí ilẹ̀ sì ti máa ṣú kí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tó lù. Atẹ́gùn òkun ló ń mú kí òtútù ibẹ̀ wọ egungun, nítorí náà ẹ̀wù tí atẹ́gùn kò lè gbà kọjá ni kó wá.

Síbẹ̀, aṣọ kọ́ ni iṣẹ́ àkọ́kọ́. Kó kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ ní yunifásítì kí gbèdéke tó pé, nítorí ilé ẹ̀kọ́ ni onígbọ̀wọ́ físà rẹ̀. Bí kò bá yọjú, wọ́n gbọ́dọ̀ fi tó ìjọba létí, ìjọba sì lè wọ́gi lé físà náà.

Lẹ́yìn náà, kó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà àdúgbò kí àìsàn tó dé. Owó ìlera tó san pẹ̀lú físà ti ká àyẹ̀wò dókítà, oògùn tí dókítà bá sì kọ ní Scotland, ọ̀fẹ́ ni.

Ní ti iṣẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kàwé gboyè kò gbọdọ̀ kọjá wákàtí 20 lọ́sẹ̀ nígbà tí ẹ̀kọ́ bá ń lọ lọ́wọ́. Ẹni tó bá rú òfin yìí ń fi físà rẹ̀ wewu.