Ẹ má lé akẹ́kọ̀ọ́ tó wá wo iṣẹ́ yín: Àṣà ibi iṣẹ́ lè bá yín délé, kó sì ṣe ọmọ yín ní jàǹbá

Ẹnu ìyá kan ládùúgbò wa ní Gowon Estate ni mo ti gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tòní. Ọmọ rẹ̀ ń kàwé gboyè másítáàsì nípa ètò ìlera, wọ́n sì ní kó lọ lo oṣù mélòó kan níléeṣẹ́ kan. Ohun tó ń ṣe níbẹ̀ ni pé ó ń wo bí àwọn òṣìṣẹ́ ṣe ń ṣiṣẹ́, ó ń béèrè ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é bẹ́ẹ̀, ó sì ń bá wọn wá ọ̀nà tó dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá náà ní, “Nọ́ọ̀sì, ṣé torí kọ́mọ mi lè máa wo ọwọ́ oníṣẹ́ ni mo ṣe ta aṣọ òkè mi?”

Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ mi ò fọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣeré. Ohun tí mo sọ fún un ni mo fẹ́ sọ fún yín, nítorí ó kan ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ́mọ ní yunifásítì, ó sì kan ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ṣọ́ọ̀bù l'Ẹ́gbẹ́dá, Ìkọ̀tún àti Ìgándò.

Lọ́dún 2008, iléeṣẹ́ ètò ìlera ìjọba àpapọ̀ àti iléeṣẹ́ ètò ọ̀gbìn, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ CDC ti Amẹ́ríkà, dá ètò kan tí wọ́n ń pè ní NFELTP sílẹ̀ pẹ̀lú Yunifásítì Ìbàdàn àti Yunifásítì Ahmadu Bello tó wà ní Zaria. Àwọn tó ti gboyè àkọ́kọ́ ni wọ́n ń gbà síbẹ̀, bíi dókítà, oníṣègùn ẹran àti àwọn tó ń ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Wọn kì í pẹ́ nínú kíláàsì. Ẹnu iṣẹ́, láàárín àwọn èèyàn, ni wọ́n ti ń kọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀kọ́ wọn.

Ọdún méjì péré lẹ́yìn náà ni ọ̀ràn Zamfara ṣẹlẹ̀. Lọ́dún 2010, àwọn ọmọ kéékèèké ń kú láwọn abúlé kan níbẹ̀. Gìrì ni yóò mú wọn, wọn yóò sì kú. Ọ̀pọ̀ rò pé ibà ni. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ NFELTP wà lára àwọn tó lọ wádìí ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú CDC, ìjọba ìpínlẹ̀ náà àti àwọn dókítà àjọ Médecins Sans Frontières. Abúlé Dareta àti Yargalma ni wọ́n ti ṣe ìwádìí láti agbo ilé dé agbo ilé. Agbo ilé 119 ni wọ́n dé. Nínú ọmọ 463 tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, 118 ló ti kú láàárín ọdún kan. Ẹ rò ó wò, ọmọ kan nínú mẹ́rin! Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ 204 wò nínú àwọn tó kù, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn ni òjé pọ̀ lẹ́jẹ̀ wọn débi pé wọ́n nílò oògùn tó ń fà á jáde.

Níbo lòjé ti wá? Láti ibi iṣẹ́ ni. Òkúta tí wọ́n ń wa wúrà nínú rẹ̀ ní òjé púpọ̀. Àwọn ọkùnrin ń gbé e wálé, wọ́n sì ń fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ọkà lọ̀ ọ́ nínú agbo ilé, kí àwọn obìnrin tí kì í jáde lè rí iṣẹ́ ṣe. Eruku rẹ̀ ń bà sílẹ̀, ọmọ ń rá lórí rẹ̀, ó sì ń tọ́wọ́ bọ ẹnu. Kò sí òbí tó fẹ́ pa ọmọ rẹ̀. Àṣà iṣẹ́ ni, bí gbogbo èèyàn ṣe ń ṣe é nìyẹn. Kí wàhálà náà tó rọlẹ̀, ọmọ tó kú ní Zamfara ju 400 lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kíyè sí bí wọ́n ṣe tún un ṣe. Àṣẹ nìkan kò lè ṣe é, torí ẹni tí wọ́n bá gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀ yóò lọ máa ṣe é ní kọ̀rọ̀ ni. Wọ́n kó iyẹ̀pẹ̀ olóró kúrò nínú agbo ilé, wọ́n sì ní kí wọ́n gbé iṣẹ́ náà jìnnà sílé. Nígbà tí irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní Shikira, ìpínlẹ̀ Niger, lọ́dún 2015, tí ọmọ 28 kú, wọ́n bá àwọn awakùsà jókòó. Wọ́n kọ́ wọn láti máa fi omi rin òkúta kí eruku má baà sọ, kí wọ́n wẹ̀, kí wọ́n sì pààrọ̀ aṣọ kí wọ́n tó lọ sílé. Iṣẹ́ kò dúró, àṣà ló yí padà.

Èmi náà ti wà lára àwọn tí akẹ́kọ̀ọ́ wá wò. Nílé ìwòsàn kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, àwọn méjì wá ń ka iye ìgbà tá à ń fọwọ́ ká tó fọwọ́ kan aláìsàn. Inú bí wa. A ní àlejò lójú, kò fi ríran. Àmọ́ nígbà tí ọ̀sẹ̀ parí, wọn ò fẹjọ́ wa sùn. Wọ́n béèrè pé, “Ẹ̀yin àǹtí, kí ló ń dí yín lọ́wọ́?” Ìgbà yẹn la wá lanu sọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ omi jìnnà, ọṣẹ ti tán tipẹ́, tówẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni gbogbo wa sì ń lò. Wọ́n bá wa kó o dé iwájú mátíróònù. Báàkẹ́ẹ̀tì tó ní ẹ̀rọ lẹ́nu dé ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, àwa fúnra wa la sì pín ẹni tí yóò máa pọnmi sí i. Nígbà tí wọ́n lọ, ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ya, àmọ́ omi ò tán nínú báàkẹ́ẹ̀tì, torí àwa la dá a sílẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá ní wọ́n rán òun lọ síbi iṣẹ́, ẹ má bú u. Ẹ sọ fún un kó kí àgbà dáadáa, kó gbọ́ tẹnu wọn, kó tó sọ tirẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń tú bátìrì mọ́tò tàbí tẹ́ ẹ̀ ń yọ́ òjé, ẹ má ṣe é nínú ilé. Ẹ fi ọṣẹ fọwọ́ kẹ́ ẹ tó jẹun. Ẹ bọ́ aṣọ iṣẹ́ kẹ́ ẹ tó gbé ọmọ mọ́ra, ẹ má sì fọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ aṣọ ọmọ. Ẹ kọ́ ọmọṣẹ́ yín bẹ́ẹ̀ náà. Aboyún ò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn rárá, torí òjé ń gba ara ìyá dé ara ọmọ inú.

Bí gìrì bá mú ọmọ, ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má sì fi ẹsẹ̀ rẹ̀ sínú iná. Ẹ dà á dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, kẹ́ ẹ sì gbé e lọ sílé ìwòsàn kíákíá. Ẹ sọ irú iṣẹ́ tẹ́ ẹ̀ ń ṣe fún dókítà, bí kò tilẹ̀ béèrè.

Ẹ̀yin bàbá àti màmá wa, bí nọ́ọ̀sì bá fẹ́ gún yín lábẹ́rẹ́ láìfọwọ́, ẹ rọra sọ pé, “Ọmọ mi, jọ̀wọ́ fọwọ́.” Kì í ṣe ìwọ̀sí.

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.