Ọ̀gá pa áláàmù, ẹ̀bi fẹ́ẹ́ wá sórí ẹnjiníà! Ohun tójú àwọn tó ń tún áláàmù iná ṣe ń rí l'Ékòó

Tẹ́ ẹ bá wọ báńkì, òtẹ́ẹ̀lì tàbí ọ́fíìsì ńlá l'Ékòó, ẹ gbójú sókè wo àjà. Ẹ máa rí nǹkan funfun ribiti kan níbẹ̀, bí ìdérí abọ́. Ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ èéfín nìyẹn. Ìmọ́lẹ̀ kékeré kan wà nínú ẹ̀; béèfín bá wọlé, ìmọ́lẹ̀ ọ̀hún á tú ká, ẹ̀rọ náà á fura, á ta páńẹ́lì lólobó, ni áláàmù á bá figbe ta.

Àwọn ẹnjiníà kan wà tó jẹ́ pé títún un ṣe niṣẹ́ wọn. Wọ́n á gbé àkàbà, wọ́n á fín èéfín àyẹ̀wò sí ẹ̀rọ lọ́kọ̀ọ̀kan láti mọ̀ bóyá ó ṣì ń gbọ́. Ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ló yẹ kí wọ́n dé ilé kọ̀ọ̀kan.

Tó bá jẹ́ ti wáyà nìkan ni, kò le. Àwa èèyàn gan-an ni wàhálà. Bí NẸ́PÀ bá múná lọ, tí wọ́n sì pa jẹnẹrétọ̀ lálẹ́, bátìrì méjì ló ń gbé páńẹ́lì ró. Bíná ò bá tètè dé, bátìrì á gbẹ, páńẹ́lì á bẹ̀rẹ̀ sí í ké píì, píì, píì. Eruku àti kòkòrò náà máa ń tan ẹ̀rọ jẹ, á máa pariwo nígbà tíná ò jó. Kí lọ̀gá máa sọ? "Ẹ bá mi pa kiní yẹn jàre, ó ń lé kọ́sítọ́mà!" Síkiọ́rítì á yọ wáyà bátìrì, ó parí nìyẹn.

Nígbà tí ẹnjiníà bá máa padà dé, páńẹ́lì ti kú pátápátá. Á ní kí wọ́n ra bátìrì tuntun, wọ́n á ní kò sówó. Síbẹ̀, wọ́n ń fẹ́ ìwé ẹ̀rí pé gbogbo ẹ̀ ń ṣiṣẹ́, torí ilé iṣẹ́ adójútòfò ń bèèrè ẹ̀. "Ẹnjiníà, ẹ ṣáà buwọ́ lù ú, a máa rà á lóṣù tó ń bọ̀."

Ibi tọ́rọ̀ wà gan-an nìyẹn o. Bó bá kọ̀, wọ́n á pe ẹlòmíì, ọ̀gá tiẹ̀ náà á sì bi í pé ṣó fẹ́ ba oúnjẹ àwọn jẹ́ ni. Bó bá buwọ́ lù ú, tíná wá sọ lóru, orúkọ ẹ̀ ni wọ́n máa bá nínú ìwé.

Ẹ má rò pé iná ń bẹ̀rù ilé ńlá. Ilé NET jó l'Ékòó lọ́dún 1983, Cocoa House náà jó n'Ìbàdàn lọ́dún 1985.

Àwọn tó gbọ́n nínú wọn kì í bá wọn jà. Wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì pé bátìrì ti kú, wọ́n á kọ déètì sí i, wọ́n á ní kí mánéjà fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n wọn ò ní buwọ́ lu ìwé ẹ̀rí. Wọ́n lè pàdánù kọ́sítọ́mà kan, àmọ́ wọ́n á roorun sùn.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ wa, tẹ́ ẹ bá dé ibi iṣẹ́ lọ́la, ẹ yà wo páńẹ́lì yín. Bẹ́ ẹ bá rí i tó ṣókùnkùn biribiri, ẹ bi ọ̀gá yín. Ẹni tó pa ajá tó ń gbó olè, kó má bínú bólè bá wọlé.