Ọ̀rọ̀ Náà "Kọ̀ǹpútà" Nínú Ìpàdé Ẹbí: Ìpinnu Lórí Oyè Másítà ní Òkè Òkun

Ní àwọn agbo ilé Bẹẹrẹ àti Ọjà'ba, ní àárín Ìbàdàn àtijọ́, ọmọ tí ó bá fẹ́ lọ kàwé ní òkè òkun kì í sábà dá ìpinnu náà ṣe. Owó ẹbí ni yóò bá a lọ: a lè ní láti ta ilẹ̀, àbúrò tí ó yẹ kí ó wọ yunifásítì sì lè ní láti dúró ná. Nítorí náà ni àwọn àgbà, tí Mọ́gàjí jẹ́ olórí wọn, ṣe ń jókòó lé ọ̀rọ̀ náà lórí. Kò sí ẹni tí ó lè dá wọn lẹ́bi bí wọ́n bá béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ rà kí wọ́n tó sanwó. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé èdè Yorùbá tí wọ́n fi ń béèrè kò tí ì ní orúkọ tí ó dá yàtọ̀ fún ọjà náà.

Ká ní ọmọ kan dìde, ó ní òun fẹ́ lọ gba oyè másítà nínú kọ̀ǹpútà ní Ìlú Ọba. Baba kan lè bi í pé: "Ṣé kì í ṣe kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń fi oṣù mẹ́ta kọ́ ní ìsàlẹ̀ Mápó níbí náà ni?" Àwọn ọ̀dọ́ a máa rẹ́rìn-ín sí irú ìbéèrè yìí, ṣùgbọ́n baba náà ni ó jàre. Nínú Yorùbá òde òní, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí ni a fi ń pe ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀. Òun ni a fi ń pe títẹ ìwé lórí rẹ̀. Òun ni a fi ń pe iṣẹ́ àwọn tí ń tún un ṣe. Òun náà ni a sì fi ń pe ẹ̀kọ́ ìjìnlẹ̀ tí yunifásítì ń torí rẹ̀ fúnni ní oyè. Bí ọmọ bá ní òun ń lọ kọ́ mọ́tò, lójú ẹsẹ̀ ni a óò bi í bóyá wíwà ni tàbí títún ṣe, nítorí pé awakọ̀ àti mẹkáníìkì ní orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tí ó ń kọ́ kọ̀ǹpútà kò ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀ tí yóò gbà á sílẹ̀.

Kì í ṣe pé Yorùbá kò mọ ẹ̀rọ sọ ní orúkọ. Rédíò di asọ̀rọ̀mágbèsì. Tẹlifíṣọ̀n, tí ó dé Ìbàdàn ní 1959, di amóhùnmáwòrán. Orúkọ méjèèjì sọ ohun tí ẹ̀rọ náà ń ṣe. Ẹ̀rọ ayárabíàṣá, tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ ń lò fún kọ̀ǹpútà, gba ọ̀nà mìíràn: ìyára nìkan ni ó sọ. Oríkì ni, kì í ṣe orúkọ ìmọ̀; bàálù náà yára. Ohun tí ó mú kọ̀ǹpútà yàtọ̀ ni pé ó ń tẹ̀ lé ìlànà tí ènìyàn là sílẹ̀ fún un ní ẹsẹẹsẹ, bí a sì ṣe ń la irú ìlànà bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ tí kò fi ní ṣìnà ni ẹ̀kọ́ yunifásítì dá lé. Ìmọ̀ ìlànà ìṣirò ni orúkọ tí ó yẹ ẹ́; kí ìlò kọ̀ǹpútà àti àtúnṣe kọ̀ǹpútà dúró fún iṣẹ́ ìsàlẹ̀ Mápó.

Àgbà tí ó bá mọ ọ̀pẹ̀lẹ̀ kò ní ṣàìlóye. Ojú mẹ́jọ ni ọ̀pẹ̀lẹ̀ ní. Ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ṣí tàbí kí ó dé. Ìdí nìyí tí Odù fi jẹ́ 256. Ipò mẹ́jọ nínú kọ̀ǹpútà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ òdo tàbí ọ̀kan, ń fúnni ní 256 gẹ́lẹ́. Àfiwé tí ó dára fún àlàyé ni. Àwọn tí ó ń tìtorí rẹ̀ sọ pé àwọn baba ńlá ti ṣe kọ̀ǹpútà rí ń sọ àsọdùn.

Nígbà tí orúkọ bá ti dá yàtọ̀, ìbéèrè kejì yóò yọjú: ṣé dandan ni òkè òkun? Ìmọ̀ yìí kì í ṣe àlejò ní Ìbàdàn. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ rẹ̀ ti wà ní Yunifásítì Ìbàdàn láti 1974. Túndé Adégbọlá gba oyè ọ̀mọ̀wé ní yunifásítì yẹn, Ìbàdàn náà sì ni ibùjókòó African Languages Technology Initiative tí ó dá sílẹ̀ kí kọ̀ǹpútà lè gbọ́ èdè Yorùbá àti àwọn èdè Áfíríkà mìíràn. Ọdẹ́túnjí Ọdẹ́jọbí ti Ifẹ̀ ní tirẹ̀ lọ sí Yunifásítì Aston ní Birmingham. Bí ẹ̀rọ yóò ṣe ka Yorùbá sókè kí ohùn sì pé ni ó gbájú mọ́, ìtẹ̀jáde láti inú iṣẹ́ náà sì jáde ní 2006. Ẹ̀rọ tí kò bá mọ ọkọ yàtọ̀ sí ọkọ́ àti ọkọ̀ kò tí ì ka Yorùbá. Oyè ọ̀mọ̀wé ni ti àwọn méjèèjì, ó ga ju másítà lọ. Síbẹ̀, ọ̀kan gba tirẹ̀ nílé, èkejì re àjò, ìbéèrè kan náà nípa èdè Yorùbá ni wọ́n sì gbé dání. Ọmọ tí kò ní ìbéèrè kankan lọ́wọ́, tí ó jẹ́ òkìkí másítà nìkan ni ó ń pè é, ni kí ẹbí fara balẹ̀ yẹ̀ wò.

Àǹfààní àjò kò ṣeé sẹ́. Ọdún kan ni ọ̀pọ̀ másítà ń gbà ní Ìlú Ọba. Ní 2022 nìkan, ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì ní Nàìjíríà gba oṣù mẹ́jọ. Ṣùgbọ́n dọ́là tí kò tó 500 náírà ní ọjà ìjọba ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà 2023 ti kọjá 1,500 kí oṣù Kejì 2024 tó parí. Iye náírà tí ì bá san owó ẹ̀kọ́ tẹ́lẹ̀ kò wá tó ìdajì rẹ̀ mọ́. Àìsí orúkọ sì tún ń pa ẹbí lára níhìn-ín. Láti oṣù Kìíní 2024, òfin Ìlú Ọba kò gba ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ másítà láàyè láti mú ọkọ, aya tàbí ọmọ dání. Àwọn tí ẹ̀kọ́ wọn jẹ́ ti ìwádìí, àti àwọn kan tí ìjọba ń sanwó fún, ni ó yọ sílẹ̀. Másítà ni Yorùbá ń pe gbogbo wọn. Ọkọ lè ti fi aya lọ́kàn balẹ̀ pé àwọn jọ ń lọ, kí ilẹ̀ sì ti bọ́ lọ́wọ́ ẹbí, kí ó tó hàn pé irú másítà tí ó gbà kò fàyè sílẹ̀ fún ẹni kejì. Másítà ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àti másítà ìwádìí kò ṣòro láti pè. Ọwọ́ àwọn olùkọ́ àti ògbufọ̀ ni ó kù sí.

Ọ̀rọ̀ jápa, tí ìwé atúmọ̀ èdè Oxford gbà wọlé ní oṣù Kìíní 2025, kò ran ìpàdé náà lọ́wọ́ rárá. Sísá ni ó wà nínú rẹ̀. Ìyá tí ó bá gbọ́ ọ kì í gbọ́ ẹ̀kọ́. Ọmọ tí kò ní padà wá ni ó ń gbọ́. Lílọ kàwé àti ṣíṣí lọ jẹ́ ìpinnu méjì, ó sì yẹ kí àwọn àgbà mọ èyí tí wọ́n ń bu ọwọ́ lù.

Oyè fúnra rẹ̀ kò rọrùn ní Ìbàdàn. Ó ṣeé ṣe kí a pe másítà ní oyè kejì. Ṣùgbọ́n ní ìlú tí Mọ́gàjí ti ń gun àkàsọ̀ oyè ní ẹsẹẹsẹ dé ipò Olúbàdàn, tí ẹni kan kì í gòkè àfi bí ààyè bá ṣí lókè rẹ̀, etí yóò gbọ́ oyè kejì bí ipò tí a ń dúró dè. Ti yunifásítì kì í dúró de ikú ẹnikẹ́ni. Títí a ó fi rí èyí tí ó sàn jù, másítà ni kí ó ṣì máa jẹ́ níwájú Mọ́gàjí, bí a bá ti lè fi orúkọ ìmọ̀ náà àti irú rẹ̀ tì í lẹ́yìn.