Èjìká Ni À Ń Tún Ṣe, Kí A Má Gbàgbé Orí

Àwọn àgbà wa ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ tí a mú wá fún ẹ̀yin òǹkàwé wa ní Kambolé àti agbègbè rẹ̀ mu: iṣẹ́ abẹ tí a fi ń tún èjìká ṣe kò gbọdọ̀ pa ọpọlọ lára.

Ẹni tí ó ṣubú lórí alùpùpù tàbí tí ó já bọ́ láti orí igi lè kán ní èjìká. Bí egungun náà bá kọ̀ tí kò tò, wọ́n lè darí rẹ̀ láti Tchamba lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Sokodé, tàbí kí ó dé Lomé pàápàá. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní àgbáyé, àwọn oníṣẹ́ abẹ a máa gbé irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ jókòó, kí ó fẹ̀yìn ti ibùsùn bí ẹni tó rọ̀gbọ̀kú. Èrè wà nínú rẹ̀: èjìká á hàn kedere, ẹ̀jẹ̀ kì í ṣàn púpọ̀ ní ojú ọgbẹ́, apá sì ṣeé yí síhìn-ín sọ́hùn-ún.

Ṣùgbọ́n ọkàn ni ó ń ti ẹ̀jẹ̀ gòkè lọ sí ọpọlọ. Bí a bá dìde lójijì, iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ á fún pọ̀, ọkàn á sì yára, kí ẹ̀jẹ̀ má bàa wọ́ sílẹ̀. Oògùn akunilóorun a máa dẹ iṣan wọ̀nyí, a sì máa dín ìgbèjà ara yìí kù.

Ìṣírò kan tún wà níbẹ̀. Apá ni wọ́n sábà máa ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ní, bẹ́ẹ̀ orí ló wà lókè. Sẹ̀ǹtímítà 10 tí orí bá fi ga ju ibi ìwọ̀n lọ ń dín ìfúnpá kù ní nǹkan bí 8. Bí ihò etí bá fi sẹ̀ǹtímítà 25 ga jù ú lọ, tí ẹ̀rọ ń ka 70 fún ìfúnpá àárín, nǹkan bí 50 ni ó ń dé ọpọlọ.

Ní 1959, Niels Lassen, dókítà ará Dẹ́ńmáàkì, ṣàlàyé pé ọpọlọ lè dá ìṣàn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dúró déédéé bí ìfúnpá àárín bá wà láàárín nǹkan bí 60 sí 150. Àmọ́ ààlà yìí kò rí bákan náà fún gbogbo ènìyàn: ó máa ń ga sí i lára ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń bá jà tipẹ́. Ní 2005, dókítà Pohl àti Cullen ní Amẹ́ríkà ròyìn aláìsàn 4 tí àìtó ẹ̀jẹ̀ ṣe ní jàǹbá lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ èjìká lórí ìjókòó. Èjìká ni wọ́n gbé wá.

Nítorí náà ni dókítà akunilóorun fi ń ṣírò ìfúnpá ní ìwọ̀n gíga orí, tí ó ń gbé aláìsàn dìde díẹ̀díẹ̀, tí ó ń fa omi sí i lára, tí ó sì ń lo oògùn tó ń gbé ìfúnpá sókè bí ó bá wálẹ̀. Ó tún ń rí i pé ọrùn kò wọ́.

Síbẹ̀, ohun kan wà tí ẹ̀rọ kò lè sọ fún un: iye tí ìfúnpá yín máa ń jẹ́ nígbà tí ara bá le. Ohun tí àwọn nọ́ọ̀sì wa ń pè ní « douze-huit », 120 lé 80 ni lórí ẹ̀rọ. Ẹni tí tirẹ̀ máa ń jẹ́ « seize-dix », 100 tó tẹ́ ẹlòmíràn lọ́rùn lè kéré fún un.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ gbọ́ Faransé, ẹ̀yin ni ẹ sábà máa ń túmọ̀ fún bàbá àgbà àti ìyá àgbà nílé ìwòsàn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wọn ìfúnpá wọn, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú carnet. Bí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ bá ń bọ̀, ẹ sọ gbogbo oògùn tí wọ́n ń lò, àgbo náà kò gbẹ́yìn. Ẹ má dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró fúnra yín. Ẹ bi dókítà léèrè èwo ni kí wọ́n lò ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, nítorí àwọn kan lè mú kí ìfúnpá wálẹ̀ jù.