Ojú Mélòó ni Àwo Orin Ní? Àyẹ̀wò Àtúntẹ̀ Àádọ́ta Ọdún ‘Band on the Run’



1. Ìfáàrà

Ó ṣeé ṣe kí ó ya àwọn kan lẹ́nu pé ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ èdè àti lítíréṣọ̀ Yorùbá gbé àwo orin àwọn Gẹ̀ẹ́sì kalẹ̀ fún àyẹ̀wò. Ìdí méjì ni mo ní. Èkíní ni pé Èkó ni a ti bẹ̀rẹ̀ àwo náà. Èkejì ni pé ìbéèrè tí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ń bá ara wọn fà lórí àtúntẹ̀ rẹ̀ ni àwa náà ń bi ara wa nígbà tí a bá rí ẹ̀dà méjì tàbí mẹ́ta ẹsẹ Ifá kan náà lọ́wọ́ babaláwo ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: èwo ni ojúlówó?

Àwo náà ni ‘Band on the Run’, tí Paul McCartney àti ẹgbẹ́ rẹ̀, Wings, gbé jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 1973. Ní ọjọ́ kejì oṣù Kejì ọdún 2024, a tún un tẹ̀ fún àjọ̀dún àádọ́ta ọdún rẹ̀. Àtúntẹ̀ náà kò mọ sí orin tí gbogbo ayé ti mọ̀. A fi àwo kejì kún un, nínú èyí tí a ti lè gbọ́ àwọn orin náà bí wọ́n ti rí kí a tó fi gòjé àti fèrè tò wọ́n lọ́ṣọ̀ọ́. Àwo kejì yìí gan-an ni ó dá àríyànjiyàn sílẹ̀.

Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ lónìí. Òun ni pé àwo orin, gẹ́gẹ́ bí ewì alohùn, kì í ní ojú kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ojú tí ó ní, kìkì èyí tí ẹnìkan bá tọ́jú ni àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn yóò rí.

2. Iṣẹ́ tí a ṣe ní Èkó

Ní ọdún 1973, ọdún mẹ́ta ti kọjá tí ẹgbẹ́ Beatles, tí McCartney ti wà tẹ́lẹ̀, ti túká. Ilé-iṣẹ́ EMI, tí ó ń tẹ àwo rẹ̀, ní ilé ìgbohùnsílẹ̀ ní oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè. McCartney béèrè fún orúkọ wọn, ó sì mú Èkó, tí ó jẹ́ olú-ìlú Nàìjíríà nígbà náà. Oòrùn àti ìsinmi ni ó ní lọ́kàn. Oṣù Kẹjọ ni ó dé, òjò ni ó sì bá.

Kí wọ́n tó gbéra ni ẹgbẹ́ ti fọ́. Henry McCullough tí ń ta gìtá ti fi wọ́n sílẹ̀, Denny Seiwell tí ń lùlù náà sì kọ̀ láti bá wọn lọ nígbà tí ìrìn-àjò kù sí dẹ̀dẹ̀. Ènìyàn mẹ́ta péré ni ó kù fún orin: McCartney, Linda ìyàwó rẹ̀, àti Denny Laine. Geoff Emerick bá wọn wá láti darí ẹ̀rọ. Ilé ìgbohùnsílẹ̀ EMI ní Òpópónà Wharf ní Àpápá ni wọ́n lọ, wọn kò sì bá irú ohun èlò tí wọ́n ń lò ní Lọ́ńdọ́nù níbẹ̀. Ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ tí ó ní ojú ọ̀nà mẹ́jọ ni wọ́n rí lò.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé ohun tí ojú ọ̀nà mẹ́jọ jẹ́, nítorí pé gbogbo àríyànjiyàn tí ń bọ̀ dúró lé e. Ẹ fi ojú inú wo tépù gẹ́gẹ́ bí oko kan tí a pín sí ebè mẹ́jọ tí ó gùn lọ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. A lè gbin ìlù sí ebè kìíní, kí a dá ẹ̀rọ padà sí ìbẹ̀rẹ̀, kí a máa gbọ́ ìlù náà bí a ti ń gbin gìtá sí ebè kejì. Ẹni kan náà lè lùlù lónìí, kí ó ta gìtá sí ìlù ara rẹ̀ lọ́la, kí ó sì kọrin sí méjèèjì lọ́túnla. Báyìí ni ènìyàn mẹ́ta ṣe di ẹgbẹ́ ńlá. McCartney fúnra rẹ̀ ni ó lu ìlù tí Seiwell ì bá lù, òun náà ni ó sì ta gìtá olóhùn ìsàlẹ̀. Nígbà tí gbogbo ebè bá kún, a ó wá pa ohùn wọn pọ̀ di ẹyọ kan. Ìpapọ̀ yìí ni olùgbọ́ ń rà lọ́jà, ó sì ṣeé ṣe ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láti ara tépù kan náà.

Ìṣẹ̀lẹ̀ mẹ́ta tí ó ṣẹlẹ̀ ní Èkó kan ọ̀rọ̀ wa. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, àwọn ọlọ́ṣà fi ọ̀bẹ dá McCartney àti Linda dúró lójú ọ̀nà. Lára ohun tí wọ́n gbà lọ ni àwọn kásẹ́ẹ̀tì tí ó ti gbohùn àwọn orin náà sí ní ṣókí kí ó tó wá, àti ìwé tí ó kọ ọ̀rọ̀ orin sí. Láti orí ni ó ti tún wọn rántí. Ẹ̀kejì ni pé Fẹlá Aníkúlápó-Kútì fi ẹ̀sùn kàn án pé ó wá jí orin àwọn ènìyàn dúdú. McCartney ní kí Fẹlá wá tẹ́tí sí ohun tí ó ti ṣe, Fẹlá gbọ́, ọ̀rọ̀ náà sì rọlẹ̀. Ẹ̀kẹta ni pé wọ́n gba Ìkẹjà lọ sí ilé ìgbohùnsílẹ̀ tí Ginger Baker, onílù ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, dá sílẹ̀ níbẹ̀. Níbẹ̀ ni wọ́n ti gba ohùn ‘Picasso’s Last Words’ sílẹ̀, tí Baker sì ń mi agolo tí a da òkúta wẹ́wẹ́ sí.

3. Láti Èkó dé Lọ́ńdọ́nù

Ní òpin oṣù Kẹsàn-án wọ́n padà sí Lọ́ńdọ́nù, wọ́n sì ń bá iṣẹ́ lọ ní ilé ìgbohùnsílẹ̀ AIR. Tony Visconti ni ó kọ ìlànà gòjé àti fèrè tí a fi kún àwọn orin náà. Howie Casey fun sáksófóònù. Remi Kabaka, onílù ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà, bá wọn lù nínú ‘Bluebird’. Ẹ kíyèsí èyí: nínú àwo tí a bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, Lọ́ńdọ́nù ni ọwọ́ onílù ọmọ Áfíríkà ti kan orin. Ẹ̀sùn Fẹlá kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, nítorí pé ohun tí ó rò pé wọ́n jí kò sí nínú ẹrù wọn.

Nígbà tí àwo náà jáde, ojú méjì ni ó ní láti ọjọ́ kìíní. Orin mẹ́sàn-án ni ó wà nínú èyí tí a tà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì; mẹ́wàá ni ó wà nínú ti Amẹ́ríkà, nítorí pé a fi ‘Helen Wheels’ kún un níbẹ̀.

Ó tà púpọ̀ ní ọdún 1974, Emerick sì gba ẹ̀bùn Grammy fún iṣẹ́ ẹ̀rọ tí ó ṣe nínú rẹ̀. Àtúntẹ̀ ọdún 1999 wà fún àjọ̀dún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, pẹ̀lú àwo kejì tí ó kún fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Òmíràn jáde ní ọdún 2010, òun náà sì gba Grammy ní ọdún 2012, ní ìsọ̀rí àwọn àwo tí a tún gbé jáde nítorí ìtàn. Lẹ́yìn náà ni ti ọdún 2024 dé.

4. Àríyànjiyàn àwọn olólùfẹ́

Àwo kejì ti ọdún 2024 jẹ́ ìpapọ̀ ohùn tí Emerick àti Pete Swettenham ṣe ní AIR ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹwàá ọdún 1973, kí iṣẹ́ Visconti tó wọ inú rẹ̀. Orin mẹ́sàn-án ni ó wà níbẹ̀, ìtò wọn sì yàtọ̀ sí ti àwo tí a mọ̀. Nínú ‘Nineteen Hundred and Eighty Five’, ohùn èlò nìkan ni a ń gbọ́. Olórin kò tí ì là ẹnu.

Bí a bá fi etí sí àwọn olólùfẹ́, ọ̀nà mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ wọn pín sí. Àwọn kìíní sọ pé iṣẹ́ tí oníṣẹ́ parí ni iṣẹ́. McCartney fúnra rẹ̀ ni ó ní kí a fi gòjé sí i. Ta wá ni olùgbọ́ tí yóò bọ́ aṣọ tí oníṣẹ́ wọ̀ fún ọmọ rẹ̀? Àwọn kejì sọ pé ìgbà tí aṣọ kúrò ni a tó rí ara. Lójú tiwọn, ènìyàn mẹ́ta tí ń jìjàkadì ní Àpápá ni òtítọ́ àwo náà, ohun tí Lọ́ńdọ́nù fi kún un sì bò ó mọ́lẹ̀. Àwọn kẹta kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí òtítọ́. Ẹ̀dùn tiwọn ni pé àwọn ti rà á ní 1973, ní 1999 àti ní 2010, wọ́n sì tún ní kí àwọn máa bọ̀ wá rà á, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ohun tí ó wà nínú àtúntẹ̀ àtijọ́ kò sí nínú ti tuntun.

Ẹ̀dùn àwọn kẹta tọ́, n kò sì ní àfikún sí i. Àwọn méjì àkọ́kọ́ ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀, nítorí pé àwa onímọ̀ lítíréṣọ̀ ti bá irú wọn pàdé rí.

5. Ohun tí ewì alohùn fi kọ́ wa

Láti ìgbà tí Adébóyè Babalọlá ti tẹ ìwé rẹ̀ lórí ìjálá jáde ní 1966, tí Wándé Abímbọ́lá sì ti tẹ ‘Ìjìnlẹ̀ Ohùn Ẹnu Ifá’ ní 1968, ìwà méjì nípa ẹ̀dà ti ń fara hàn nínú iṣẹ́ wa. Babaláwo kì í fẹ́ kí a yí ọ̀rọ̀ padà. Bí ọ̀kan bá ṣi ẹsẹ Ifá kì láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, wọn yóò dá a dúró. Oníjàálá ní tirẹ̀ lè fà gùn, ó lè gé kúrú, ó sì lè mú oríkì inú ìjálá kan bọ inú òmíràn bí òde bá ti rí. Síbẹ̀, ẹsẹ Ifá tí a gbà ní ìlú kan kì í fi gbogbo ara bá ti ìlú kejì mu, kò sì sí ẹni tí ó lè fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé èyí ni ìyá, ìyẹn ni ọmọ. Àwọn Yorùbá ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Àwọn olólùfẹ́ kìíní ń ṣe bí babaláwo, wọ́n sì ní ẹ̀tọ́ láti dáàbò bo ohun tí wọ́n gbà. Ohun tí wọ́n gbàgbé ni pé kò sí ẹyọ kan tí wọ́n gbà. Ẹni tí ó ra ti Amẹ́ríkà mọ orin mẹ́wàá, ẹni tí ó ra ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ mẹ́sàn-án, olúkúlùkù sì ń pe tirẹ̀ ní odidi.

Àṣìṣe àwọn kejì jinlẹ̀ ju èyí lọ. Wọ́n rò pé bí a bá ti yọ gòjé kúrò, Èkó ni a ó kàn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lọ́ńdọ́nù ni a ti pa àwọn ohùn náà pọ̀, lẹ́yìn tí àwọn olórin ti fi Àpápá sílẹ̀. Ohun tí a tẹ̀ ní 2024 ni ojú tí iṣẹ́ náà ní ní ọjọ́ kan pàtó nínú oṣù Kẹwàá, nígbà tí orin kan kò tilẹ̀ tí ì ní ohùn ẹnu. Ojú ọ̀nà ni a bá a. A kò bá a ní orísun. Iyì rẹ̀ ni pé ó fi bí iṣẹ́ ṣe ń lọ hàn wá, èyí sì tó ẹ̀kọ́ láìjẹ́ pé a sọ ọ́ di ohun tí kò jẹ́.

Níbo wá ni ìpín Èkó wà? Lójú tèmi, ó wà nínú ohun tí Èkó fi du àwọn olórin. Àìsí onílù ti ba wọ́n kí wọ́n tó dé, àìtó ohun èlò sì pàdé wọn níbẹ̀. Èyí tí ó wú mi lórí jù ni àwọn kásẹ́ẹ̀tì tí a jí. Nígbà tí wọ́n lọ, orin tí ó wà nínú ẹ̀rọ àti nínú ìwé padà sínú orí ènìyàn, láti ibẹ̀ ni ó sì ti gba ẹnu jáde. Fún ọjọ́ mélòó kan, àwo orin ayé òde òní di ewì alohùn. Ẹni tí ó bá mọ bí iyè ṣe ń ṣiṣẹ́ mọ̀ pé kì í dá ohun tí a fi pa mọ́ padà bí ó ti rí. Ó ń fi èyí tí ó lágbára sílẹ̀, ó sì ń jẹ́ kí èyí tí kò lágbára bọ́ sọnù. A kò lè fi ẹ̀dà tí a jí wé ẹ̀dà tí a rántí láé. Ti 1999 kò ní in, ti 2010 kò ní in, ti 2024 kò ní in.

6. Ìkádìí

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kàn wá gan-an nìyí. Ohun tí ó jẹ́ kí ayé lè jiyàn lórí ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹwàá ọdún 1973 ni pé ẹnìkan kọ ọjọ́ náà sílẹ̀, pé orúkọ àwọn tí ó ṣe iṣẹ́ náà wà lákọsílẹ̀, àti pé tépù náà wà níbi tí a lè rí i fún àádọ́ta ọdún. Ìpapọ̀ tí kò parí ni. Ó rọrùn láti pa á rẹ́ kí a sì gba ohùn mìíràn lé e.

Àwa náà ní tépù. Láti bí àádọ́ta ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni a ti ń gba ohùn oníjàálá, onírárà, àwọn elẹ́kún ìyàwó àti ìyèrè Ifá sílẹ̀. Ooru àti ọ̀rinrin ni ọ̀tá wọn. Nínú ọ̀pọ̀ tépù àwọn ọdún 1970 àti 1980, ohun tí ó lẹ èròjà ìgbohùn mọ́ ọ̀rá tépù a máa fa omi inú afẹ́fẹ́ mu, yóò sì máa lẹ̀ mọ́ orí ẹ̀rọ. A lè fi ooru díẹ̀díẹ̀ gbẹ irú rẹ̀, kí a sì yára dà á kọ kí ó tó tún burú, ṣùgbọ́n a kò lè ṣe é títí. Ewu kejì sì jẹ́ ti ọwọ́ àwa fúnra wa. Nígbà tí a bá ń ṣe àdàkọ ewì sínú ìwé, a máa ń yọ ìkọ́, ẹ̀rín, ègbè àti ibi tí akéwì ti gbàgbé kúrò, a sì ń tẹ èyí tí ó dán. Lẹ́yìn ìtẹ̀wé, tépù di ohun àpatì.

Ìmọ̀ràn mi kò le. Kí olúkúlùkù wa kọ ọjọ́, ibi àti orúkọ akéwì sí ara tépù kí ó tó kúrò lóde eré. Kí a má ṣe gba ohùn mìíràn lé èyí tí a ti gbà. Kí a da gbogbo rẹ̀ kọ láìgé e kù, kí ẹ̀dà kan sì wà ní ibòmíràn yàtọ̀ sí yàrá olùkọ́. Bí a bá ṣe èyí, àwọn ọmọ tí yóò kẹ́kọ̀ọ́ níhìn-ín lẹ́yìn àádọ́ta ọdún yóò ní ẹ̀dà méjì láti fi wé ara wọn, wọn yóò sì lè jiyàn bí àwọn olólùfẹ́ McCartney ti ń jiyàn. Ìlú tí a bẹ̀rẹ̀ ‘Band on the Run’ sí yẹ kí ó ní irú ìjà bẹ́ẹ̀ lórí orin tirẹ̀.